Ìṣàgá, Ìlú tó Wà Lẹ́yìn Odi

Ní Mowé àti Ìbàfo lónìí, ọ̀pọ̀ onílé ni í mọ ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká kí ó tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àtijọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ ọgbà ṣeré. Lẹ́yìn tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọ́n mọ odi amọ̀ yí ìlú náà ká, wọ́n sì gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé Dàhọ̀mì wà ní ìwọ̀-oòrùn.

Láti Ifọ̀, mo gba Papalanto àti Ìtòrí lọ sí Àró, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè odi náà wà rí. Orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ ni Àró lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí.

Ibẹ̀ ni Gezo, ọba Dàhọ̀mì, kọlù ní ọ̀sán ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún jagunjagun, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ibòmíràn tí odi ti bàjẹ́ ló kọ́kọ́ fojú sí. Àwọn ará Ìṣàgá, ìlú kékeré kan tí ogun náà gbà kọjá, ló yí i lọ́kàn padà: wọ́n ní kó gba Àró, kó sì lọ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ti bá Gezo mulẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá ní ìkọ̀kọ̀. Àró yìí gan-an ni Ẹ̀gbá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe!

Dàhọ̀mì fìdí rẹmi. Ẹ̀gbá lé wọn dé Ìṣàgá, ìjà sì tún gbóná níbẹ̀.

Orúkọ Olúmọ là ń gbé gẹ̀gẹ̀ tí a bá ń sọ ìtàn yìí. Tèmi ni pé gbèsè Ìṣàgá wà lọ́rùn Abẹ́òkúta. Àwọn tó gba odi là kò sí nínú odi; ẹnu ààlà ni wọ́n ń gbé, láàárín alágbára méjì. Ní oṣù Kẹta 1862, Glele, ọmọ Gezo, wá gbẹ̀san: ó run ìlú náà, ó pa nínú wọn, ó sì kó ọ̀pọ̀ lẹ́rú. Ogun Ìjàyè ni Ẹ̀gbá wà nígbà náà. Nígbà tí Glele kọlu Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ní 1864, odi tún dá a padà.

Ìṣàgá-Orílé ṣì wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ wo Olúmọ nígbà ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà síbẹ̀.