Ọwọ́ Awakọ̀ Ló ń Sáré

Bí Lamborghini bá yọ ní òpópónà Kudirat Abiola, ní Òrègún níbí, àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì a sọ sípánà sílẹ̀. Bó bá kan bọ́ǹpù, ẹ̀gbẹ́ ni awakọ̀ rẹ̀ ń fi gùn ún, táyà kan lẹ́yìn èkejì, kí imú ọkọ̀ má baà ha ilẹ̀. Àwọn ọmọ náà á wá bi mí pé, “Bàbá, èwo ló yára jù nínú àwọn ọkọ̀ yìí?” Èmi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń wà á.

Ẹ wo Lamborghini Huracán LP 610-4. Agbára ẹṣin bíi 600 ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Láti orí ìdúró, ìṣẹ́jú àáyá 3.2 ló fi ń dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ìrìnnà Nàìjíríà ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀. Eré tó kù lára rẹ̀, àfi ní pápá ìdíje.

Ní pápá náà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ iná lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ. Kọ́nà ló ń dán awakọ̀ wò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ọkọ̀ tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rù á mú kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dá tẹ bíréèkì ṣáájú àkókò. Ìwàǹwára á tún mú kó tẹ iná nígbà tí kọ́nà ò tíì tán, táyà ẹ̀yìn á sì yọ̀. Nínú Mazda MX-5, tó fúyẹ́, tí agbára ẹṣin rẹ̀ ò tó 200, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣeé tún ṣe. Nínú ọkọ̀ alágbára 600, ó lè ti bọ́ sínú koríko kó tó mọ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ro ti irú wa. McLaren F1 ayé ọjọ́un, tó sá kìlómítà 386 ní wákàtí kan lọ́dún 1998, kò ní kọ̀ǹpútà tó ń ká táyà lọ́wọ́ kò bó bá fẹ́ yọ̀. Huracán ní in, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń wọ́ ọ lọ. Ìyẹn ń gbani, ṣùgbọ́n kò kọ́ni.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run bá bù kún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkọ̀ kékeré kọ́ kọ́nà ná, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Owó lè ra eré lóòjọ́; ọwọ́ tó mọ eré í dá dúró, ọjọ́ pípẹ́ ló ń gbà.