Ẹyẹ Tó Ń Gbin Igi ní Engadin

Ní àfonífojì Engadin, ní ìlà-oòrùn Swítsàlandì, igi ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn pé òtútù dé tán. Láti oṣù kẹwàá ni ewé igi larch ti ń pọ́n, tí á sì rẹ̀ dànù títí yóò fi ku ẹ̀ka lásán. Kí òjò dídì tó bo Guarda, abúlé tó wà lókè ní mítà 1,653, màlúù ti sọ̀ kalẹ̀ láti pápá orí òkè, koríko gbígbẹ sì ti kún àká.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí n kì í wò tán, cratschla ni wọ́n ń pè é. Igi arve, irú igi páìnì kan, ló gbójú lé. Kóró arve wúwo, atẹ́gùn kò lè gbé e, ilé tí kóró náà wà nínú rẹ̀ kì í sì í là fúnra rẹ̀. Cratschla ló ń fi ẹnu fọ́ ọ. Á kó kóró sínú àpò tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, á fò lọ, á rì wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri, títí dé ibi tí igi ti ń tán lórí òkè. Bí òjò dídì bá wá bo gbogbo rẹ̀, yóò padà wá hú u. Mo ti rí irú ihò bẹ́ẹ̀: ó dagẹ̀rẹ̀ wọnú òjò dídì tààrà, èèpo kóró fọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ihò àṣìgbẹ́ kankan nítòsí. Ìyanu ńlá ni lójú mi.

Ìgbà kan wà tí wọ́n kà á sí olè, tí wọ́n ń yìnbọn pa á pé ó ń run igbó. Ó dùn mí gan-an. Lónìí, òun ni àmì ọgbà ìpamọ́ ẹ̀dá ti orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914 nínú Engadin kan náà.

Ilé àwọn ará Engadin pàápàá jẹ ẹyẹ náà ní gbèsè. Ògiri òkúta wọn nípọn, fèrèsé kéré. Àká wà lẹ́yìn lábẹ́ òrùlé kan náà, kí àgbẹ̀ má baà máa la ìjì kọjá lọ bọ́ màlúù. Yàrá tí gbogbo ilé ti ń yáná, stüva, pákó arve ni wọ́n fi bo ògiri àti àjà rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Arve kì í yára dàgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó la pákó wọ̀nyí ni kò gbin igi náà, bàbá wọn kò sì gbin ín.

Bí ẹ bá dé igbó Tamangur, lókè abúlé S-charl, ẹ óò rí arve mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n hù pọ̀ lójú kan. Oúnjẹ ìgbà òtútù kan tí ẹyẹ kan kò padà wá jẹ ni.