Ìrìn-àjò Wa sí Adó-Èkìtì: Ọṣẹ Dúdú, Osùn àti Làálì

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ mú yín rin ìrìn-àjò díẹ̀ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe ààfin ni a ń lọ wò, kì í sì í ṣe òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì wà níbẹ̀, tí wọ́n sì tó wò. Ohun tí a ń lọ wò ni ọṣẹ tí ẹ fi ń wẹ̀, àdín tí ẹ fi ń pa irun, osùn tí a fi ń kun ọmọ tuntun lára, àti làálì tí a fi ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́. Inú igi àti ewé ni gbogbo wọn ti wá. Ẹni tí ó bá ń fi nǹkan pa ara rẹ̀ àti ara ọmọ rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ibi tí nǹkan náà ti wá.

Lójú ọ̀nà

Bí ẹ bá gbéra láti Àkúrẹ́, ẹ ó gba Ìta Ògbólú àti Ìjù kọjá, ẹ ó sì wọ Ìkéré, níbi tí àpáta Olósùnta gbé dúró gàgàrà lókè ìlú. Láti Ìkéré sí Adó kò jìnnà mọ́. Adó ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, nígbà tí ìjọba yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òkè ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, nítorí ilẹ̀ olókè ni Èkìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ojú sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí igi méjì tí kì í tán lójú ọ̀nà: igi ọ̀pẹ àti igi kókò. Ẹ fi ojú sí igi méjì yìí dáadáa, nítorí àwọn ni ìyá àti bàbá ọṣẹ dúdú.

Nígbà tí ẹ bá dé Adó, ẹ yà sí Ọjà Ọba tí ó wà nítòsí ààfin Ewì, tàbí kí ẹ lọ sí Ọjà Bísí. Ẹ béèrè ibi tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà gbé ń tajà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọṣẹ dúdú lódindi nínú abọ́, tí olùtà ń bù ú, tí ó sì ń dì í bí ẹni di ẹ̀kọ. Àdín dúdú wà nínú ìgò, osùn wà ní ìmúlẹ̀, òrí funfun wà nínú igbá.

Bí eérú ṣe ń di ọṣẹ

Nígbà tí àgbẹ̀ bá la èso kókò, ó kó hóró rẹ̀ lọ, èèpo rẹ̀ a sì kù sílẹ̀. Èèpo yìí kì í ṣe díẹ̀ o. Bí èso kókò bá wọn kìlógírámù 10, bí 7 nínú rẹ̀ ni èèpo. Bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà lábẹ́ igi, àrùn tí ń sọ èso kókò di dúdú a máa gbèrú láti inú rẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tí ó bá wá kó o kúrò fi nǹkan bọ́ ara rẹ̀, ó sì tún ṣe oko lóore.

A ó sá èèpo náà títí yóò fi gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó sì jọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí a ó dà á sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò, irú ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin Ìsàn-Èkìtì mọ̀ ọ́n mọ. A ó bu omi lé e lórí, omi náà yóò sì máa ro tótó sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi eérú nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, nítorí ó lè jó awọ ara bí iná.

Ẹ̀kùrọ́ ni ó kù. A ó pa á, a ó yan ọmọ inú rẹ̀ nínú ìkòkò gbígbóná títí epo rẹ̀ yóò fi jáde. Àdín dúdú nìyẹn, tí òórùn rẹ̀ kì í fi ara pamọ́ nínú ilé. A ó gbé àdín kaná, a ó máa da omi eérú sí i díẹ̀díẹ̀, a ó sì máa fi ọmọrógùn rò ó láìdáwọ́ dúró, títí yóò fi ki, tí yóò sì di ọṣẹ. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ, nítorí èéfín ń ta sójú, apá sì ń ro ẹni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà. Omi eérú ń jó ara. Àdín nìkan kò lè fọ ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n di nǹkan kẹta tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Èròjà tí ó wà nínú eérú kókò ni àwọn onímọ̀ ń pè ní pọtásíọ̀mù, òun ni ó sì jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀. Ọṣẹ ilé iṣẹ́ tí ó le gbandi, sódà ni wọ́n fi sè é. Bí ìdajì èròjà ọ̀rá inú àdín ni a ń pè ní lauric acid. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọṣẹ náà tètè hó. Gílísírìnì tí ń mú awọ ara rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ìyá wa kì í yọ ọ́ kúrò bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ṣe.

Síbẹ̀ ó ní ibi tí ó kù sí. Ara ènìyàn ní kíkan díẹ̀; ọṣẹ kò ní kíkan rárá. Bí a bá fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ léraléra láìfi nǹkan pa ara, awọ a gbẹ, a sì máa yún. Bí omi eérú bá pọ̀ ju àdín lọ nígbà tí wọ́n ń sè é, ọṣẹ náà yóò ta ọmọdé lára. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà kì í fi í jẹ́ kí ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ kí wọ́n tó fi àdín tàbí òrí pa á.

Òrí, osùn àti ewé

Òrí kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi ẹ̀mí ti ń hù, ní agbègbè Ṣakí, ní Kwárà, ní Niger àti lókè lọ́hùn-ún. Àlejò pàtàkì ni ní Ọjà Ọba. Nínú ọ̀rá rẹ̀ ni apá kan wà tí kò lè di ọṣẹ bí a bá tilẹ̀ sè é, apá náà sì jẹ́ ìtùnú fún awọ tí ó gbẹ. Aráyé ti mọ iyì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de gbígbé èso rẹ̀ tútù jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn ènìyàn lè máa ṣe òrí nílé dípò kí wọ́n máa ta èso lásán fún àwọn ará òkèèrè.

Osùn ní tirẹ̀, inú igi pupa ni a ti ń rí i. A ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó sì mú un di ìṣù. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù a máa rà irú igi bẹ́ẹ̀ ní etíkun wa láti fi pa òwú irun àgùntàn ní pupa. Ẹ ti rí i pé a kì í fi omi nìkan kun osùn. A máa ń pò ó mọ́ òrí tàbí àdín. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí àwọ̀ pupa inú rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ nínú omi lásán. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ń fi osùn sínú ọṣẹ. Dudu-Osun tí ẹ ń rí nínú páálí jẹ́ ọ̀kan, ó sì ti dé ìlú òyìnbó.

Ní ti ewé, ẹ̀yin tí ẹ ní àsùnwọ̀n òyìnbó lẹ́yìnkùlé mọ̀ pé ewé làpálàpá ni. Ẹfinrin tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ náà kò kẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi òróró ewé ẹfinrin ṣe ìpara fún irorẹ́. Èyí tí òróró rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 100 ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí ó jẹ́ 5 nínú 100 ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ni àwọn ènìyàn lára. Ẹ rí i pé ewé kan náà ni, ìwọ̀n ni ó yàtọ̀. Ìwọ̀n ni ọ̀gá oògùn.

Làálì ní Sábó

Ẹ jẹ́ kí á yà sí Sábó ní Adó níbí, nítorí làálì. Láti òkè ọya ni ó ti ń wá. Àwọ̀ inú ewé náà a máa so mọ́ awọ, èékánná àti irun, kò sì ní ṣí títí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ̀yin obìnrin mùsùlùmí mọ àǹfààní rẹ̀: làálì kì í bo èékánná mọ́lẹ̀, omi àlùwàlá àti ti ìwẹ̀ jànábà yóò dé ara. Ọ̀dà èékánná tí a ń kùn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń dí omi lọ́nà.

Àwọ̀ làálì tòótọ́ jẹ́ pupa rúsúrúsú. Bí ẹni kan bá gbé èyí tí ó dúdú bí èédú wá, tí ó ní wákàtí kan ni yóò fi mú, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé aró irun, PPD, ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ó máa ń mú kí ọwọ́ ìyàwó lé ròrò bí ẹni tí iná jó, ó sì lè bá ara rẹ̀ jà títí ayé nígbàkigbà tí ó bá tún kan irú aró bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ìtàn tí ó wà nínú hádíìsì Muslim nípa bàbá Sàídínà Abúbákárì. Ní ọjọ́ tí a ṣẹ́gun Mẹ́kà, ní ọdún 8 Hijira, wọ́n mú un wá pẹ̀lú irun tí ó funfun báláú. Ànábì ní kí wọ́n pa irun náà láró, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹra fún dúdú.

Ewu tí ó wà nínú abọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Nínú ọjà kan náà tí ẹ ti rí ọṣẹ dúdú ìyá àgbà, ọṣẹ mìíràn wà tí a ń pè ní àpòpọ̀. Wọ́n á ní ewé àti egbò lásán ni, wọ́n á ní yóò mú kí ara ọmọge mọ́ rekete láàárín ọjọ́ 7. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tà á fún ìyá ọmọ tuntun. Ẹ bi ara yín léèrè: ewé wo ní ilẹ̀ Èkìtì ni ó ń sọ ènìyàn dúdú di pupa ní ọjọ́ 7? Kò sí. Ohun tí ó lè ṣe é kíákíá bẹ́ẹ̀ ni hydroquinone, tàbí mákúrì, tàbí ìpara steroid tí dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó fún ni.

Mákúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa wọ ọmọ inú lára. Steroid a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí egbò kì í fi í tètè jinná, tí ó sì jẹ́ ìṣòro fún dókítà láti rán ibi tí ó fi abẹ là. Hydroquinone bí ó bá pẹ́ lára a máa mú awọ ojú dúdú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń kígbe. Gúúsù Áfíríkà fi òfin de àwọn ìpara abóra ní ọdún 1990. Yúróòpù fi òfin de hydroquinone nínú ìpara abóra ní ọdún 2001. Nàìjíríà sì wà nínú Àdéhùn Minamata tí ó lòdì sí mákúrì nínú ohun ìpara.

Ewé tòótọ́ náà lè ṣe ni ní jàǹbá. Bí ẹ bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ para tí ẹ sì bọ́ sínú oòrùn, ara lè bó, kí àpá rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó lọ. A kò gbọdọ̀ torí pé nǹkan wá láti inú igbó kí á má fi ojú ṣọ́ ọ.

Ìmọ̀ràn fún ọjà

Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba, ẹ má wo àwọ̀ ọṣẹ nìkan. Ọṣẹ dúdú tòótọ́ kì í dúdú bí kóńkó. Ó lè rí bí eérú tàbí kí ó pọ́n rúsúrúsú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà irú epo tí wọ́n fi sè é àti irú eérú tí wọ́n lò. Ẹni tí ó sè é, tàbí tí ó mọ ẹni tí ó sè é, yóò dáhùn láìtiiri. Èyí tí ó bá wà nínú ike tàbí páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fi nǹkan tuntun pa gbogbo ara, ẹ fi díẹ̀ sí inú apá, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ń yin awọ pupa lójú àwọn ọmọbìnrin yín lójoojúmọ́, ẹ má bínú bí ẹ bá bá ìpara abóra lábẹ́ ibùsùn wọn.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ bá ọ̀nà Ìyìn àti Ìgèdè lọ sí Àrámọkọ, kí ẹ sì dé Ìkògósì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù gbé ń pàdé. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ra ọṣẹ dúdú díẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí ó sè é. Owó yín yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣiṣẹ́, ara àwọn ọmọ yín yóò sì dára. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.