Kí A Tó Fi Ẹ̀rọ Lé Ọmọọṣẹ́ Lọ́wọ́

Ibi tí ẹ̀rọ ti jó ọ̀dà ọkọ̀ bàbá mi kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, lápá òsì, níbi tí irin ti tẹ̀ kọ́rọ́ sọ́nà iná iwájú. Ọ̀dà búlúù ti lọ pátápátá níbẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú sì yọjú síta bí egungun. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò lè rí i. Èmi rí i, mo sì fi ariwo bẹnu títí gbogbo ẹni tó wà ní ibi ìfọkọ̀ náà fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró tí wọ́n ń wò mí.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Kaduna láyé ọjọ́un. Kumasi ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ó wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó di ẹrù kúrò ní Ghana nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé Kumasi, ọkọ̀ rẹ̀ ni mo wà láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba Benin àti Togo kọjá, bí ẹni pé mo ń gbé e padà lọ sílé. Ẹ ó wá mọ ìdí tí ìwọ̀n ìka méjì fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Oòrùn àti eruku ti bá ọ̀dà ọkọ̀ náà fà á títí ó fi ṣú, ni mo bá gbé e lọ síbi ìfọkọ̀ kan tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó wọn pé ẹ̀rọ ni àwọn fi ń kun wáàsì. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ọwọ́ ti di ti àtijọ́: ohun tí ọwọ́ yóò fi ìdajì ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ kò ní lo wákàtí kan lórí rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ó pe ọmọkùnrin kan, ó fi ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà jókòó sábẹ́ ibòji, mo ń tẹ fóònù. Òórùn ló kọ́kọ́ kì mí nílọ̀.

Ọmọ náà kò lè ju mẹ́tàdínlógún lọ. "Mepa wo kyɛw, mepa wo kyɛw," ló ń wí, ó ń bẹ̀ mí ní èdè Twi bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. N kò dá a lóhùn. Ọ̀gá rẹ̀ ni mo kọjú sí: bí ọmọ yìí bá ṣì wà níbí, n kò ní san kọ́bọ̀, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Kumasi ni yóò sì gbọ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá sọ fún mi pé òun ti lé e. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi ní Suame Magazine. Ẹni tó bá mọ Kumasi mọ Suame: ìlú kan nínú ìlú ni, tí ó jẹ́ kìkì àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń fín ọ̀dà, àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ kí bàbá náà bú ẹ̀rọ. Opanyin ni gbogbo èèyàn ń pè é, orúkọ ọ̀wọ̀ tí àwọn Asante fi ń pe àgbà. Ó fi àtàńpàkò tọ́ ojú àpá náà wò, ó ní:

"Ta ló ṣe é?"

"Ọmọọṣẹ́ kan ni, Opanyin."

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Irú ẹ̀rọ wo ni wọ́n fún un? Kí ni wọ́n fi sẹ́nu ẹ̀rọ náà?"

N kò mọ ọ̀kankan. Ó mi orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá rí ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Tirẹ̀ ni.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ohun méjì ni èmi àti ọ̀gá ìfọkọ̀ ti ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Àkọ́kọ́ ni oògùn tó ń gé ọ̀dà. Ó ní iyanrìn lẹ́búlẹ́bú nínú, ó ń ha ojú ọ̀dà tó ti kú kúrò kí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wúlò jù, ibẹ̀ náà ni ó ti léwu jù. Ìkejì ni wáàsì, tàbí síláǹtì tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ìwọ̀nyí kì í gé nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n ń bo ọ̀dà lójú kí omi, eruku àti oòrùn má tètè rí i mú. Wáàsì tí wọ́n ń pè ní carnauba, ara ewé igi kan tó jẹ́ ẹbí ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń rí i ní Brazil; igi náà ló fi ń bo ewé rẹ̀ kí oòrùn má fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Aṣọ ni wáàsì. Kò sí ẹni tó ń fi agbára wọ aṣọ.

Ọ̀dà ọkọ̀ kò sì nípọn. Lára ọkọ̀ ìsinsìnyí, ìpele tó mọ́ gaara tí wọ́n ń fín gbẹ̀yìn kì í sábà ju nǹkan bí 50 máíkírọ́ọ̀nù lọ, kò tó ẹyọ irun orí kan. Ọkọ̀ bàbá mi kò tilẹ̀ ní ìpele yẹn rárá, ọ̀dà búlúù gan-an ni afẹ́fẹ́ ń bá jà. Opanyin fi aṣọ funfun nù ún díẹ̀, aṣọ náà di búlúù. "Ọkọ̀ rẹ lò ń wò yẹn," ló wí. Etí irin ni ọ̀dà ti máa ń tinrin jù. Ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan ṣoṣo yóò sì mú ibẹ̀ gbóná kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ó ní irú ẹ̀rọ kejì wà tó ń yí tó sì tún ń mì. Bí ẹni tó dì í mú bá tẹ̀ ẹ́ jù, yóò dẹ́kun yíyí. Ẹ̀rọ yẹn ní àánú. Èyí tí wọ́n fún ọmọ yẹn kò ní.

Lẹ́yìn tó ti fọ ọkọ̀ náà, tó sì gbé e síbi ibòji kí irin lè tutù, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá kí n fi pá bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí. Ojú mi ti rí ibẹ̀ pé ó mọ́. Ọwọ́ mi nínú ọ̀rá sọ nǹkan mìíràn fún mi: ó rí ṣákaṣàka bí ẹnu ahọ́n ológbò. Ó tún un ṣe títí ó fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi wáàsì díẹ̀ sí fóòmù, ó fọ́n ọn káàkiri bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó bọ́ sórí ilẹ̀kùn, ó dúró títí ó fi ṣú bí èémí lójú dígí, ó wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ó fún mi ní fóòmù tèmi kí n bá a ṣe apá kan. Mo kùn ún pọ̀ jù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n nù ún nù. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó tún kì mí nílọ̀ kí n má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí ọṣẹ ń bọ́ wáàsì. "Ẹ̀yin Aláta lẹ mú ọṣẹ wá fún wa, ẹ sì ti fẹ́ fi pa ọkọ̀." Alata samina, ọṣẹ aláta, ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Ghana títí dòní.

Mo bi í léèrè ìgbà tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ máa ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó ní kì í ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Wọn yóò fọ ọkọ̀, wọn yóò nù ún, wọn yóò fi ọwọ́ kun wáàsì títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ irin tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Lẹ́yìn náà ni yóò ra ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ti kú lọ́wọ́ àwọn oníyọrọ-irin, wọn yóò fi ẹ̀rọ jó o, wọn yóò sì rí bí jíjó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ oníbàárà ló kẹ́yìn.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí lọ́nà púpọ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ni ti baba wa, ẹ̀rọ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tálákà. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ ti fi ìyà yan ara rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́. N kò rí òótọ́ nínú méjèèjì. Suame kò kórìíra ẹ̀rọ: láti ọdún 1980 ni Yunifásítì Kwame Nkrumah ti dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti fi ẹ̀rọ ìgbálódé kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ níṣẹ́. Ẹni tó ń kun ọkọ̀ márùn-ún lóòjọ́, ẹ̀rọ yóò gba èjìká rẹ̀ là, bí iná kò bá ṣe dumsor. Ṣùgbọ́n ní ti wáàsì nìkan, bí a bá fi ọwọ́ kùn ún dáadáa tí a fi ẹ̀rọ kun èkejì, n kò rò pé ojú lè mọ ìyàtọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni iye tí àṣìṣe ń náni. Àṣìṣe ọwọ́ ṣeé nù nù. Ti ẹ̀rọ kì í padà. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí ọwọ́ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gá tó bá fo ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nítorí wákàtí mélòó kan ló jó bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹni yòówù kó di ẹ̀rọ mú.

Kì í ṣe ọmọ yẹn. Òótọ́ yìí ló gbé mi padà síbi ìfọkọ̀ náà. Ọ̀gá kò mọ ilé ọmọ náà, ó kàn mọ̀ pé láti apá àríwá ló ti wá. Ọmọ mìíràn ló ti di ẹ̀rọ kan náà mú. Mo bi ọmọ tuntun náà pé ọjọ́ wo ló dé. Ó ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ ni a wà.

Bàbá mi ni wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ọmọ rẹ̀ kò fún ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ mẹ́ta.

Opanyin ti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi ọ̀dà búlúù tọ́ ojú àpá náà. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu tán. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun lè fín gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ní ọ̀tun. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóṣooṣù, mo máa ń gbé fóòmù, mo máa ń fi ọwọ́ ara mi kun wáàsì sí ọkọ̀ náà nídàájí kí oòrùn tó mú. Bí mo bá dé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá òsì, mo máa ń rọra.