Ta Ló Gé Ìyá Mi Sí Méjì?

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà wa. Mo pín ojú ewé sí òpó méjì, mo tẹ ìtàn ìgbésí ayé wọn, mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi to ìlà. Àǹtí mi àgbà ò kà á dé ìdajì tí wọ́n fi figbe ta: "Ta ló gé ìyá mi sí méjì?"

Òótọ́ ni. "Morẹ́nik-" wà lókè, "ẹ́jì" wà nísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe bíi kọ̀ńdọ́ dánfó. Ó ń kó ọ̀rọ̀ sórí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àyè bá ti tán, ẹni tó kàn á bọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Kì í wẹ̀yìn wò. Bí ìlà kẹta bá kún tí ìkẹrin wá ṣófo, ẹjọ́ ìkẹrin nìyẹn.

Ìwà yìí kò tẹ́ Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, lọ́rùn. Ní 1977, ó rí bí wọ́n ṣe to ẹ̀dà tuntun ìwé rẹ̀, ó burú lójú rẹ̀ débi pé ó pa ìwé kíkọ tì, ó dojú kọ TeX, ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún títo ìwé. Nígbà tó di 1981, òun àti Michael Plass kọ ọgbọ́n wọn sílẹ̀: kí kọ̀ńdọ́ kọ́kọ́ wo gbogbo èrò tó wà ní gáréèjì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di àpótí, àlàfo di ohun tó ń fẹ̀ tó ń súnkì, ibi tí kò dáa láti gé sì ní owó ìtanràn tirẹ̀. Bí nínà àlàfo bá di ìlọ́po méjì, ìyà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Odindi ìpínrọ̀ ni wọ́n ń ṣírò, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá lè yí ìlà àkọ́kọ́ padà. Èyí ló wù mí jù.

Ti ọ̀rọ̀ gígé, Frank Liang, akẹ́kọ̀ọ́ Knuth ní Stanford, ló ṣa ìlànà rẹ̀ jọ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní 1983. Ètò tèmi náà rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ. Bẹ́ẹ̀ fáwẹ́lì ló sábà ń parí sílébù tiwa: Mo-rẹ́-ni-kẹ́-jì. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á gé e!

Mo ní kó má gé ọ̀rọ̀ mọ́. Orúkọ náà bọ́ sísàlẹ̀ lódindi, àwọn ọ̀rọ̀ tó kù lókè wá jìnnà síra wọn bí eyín arúgbó.

"Ihò wo tún lèyí?" Àǹtí tún ni.

Mo fi oríkì ìyá àgbà ṣáájú orúkọ wọn. Àjọkẹ́ gba òkè, Morẹ́nikẹ́jì gba ìsàlẹ̀, ihò sì dí.