Ààtàn Ilé Wa

Ní ìparí ọdún kan tí mo lọ kí ìyá mi ní Kétu, ó ní kí a pa ewúrẹ́ kan fún oúnjẹ ọdún. Ewúrẹ́ náà ti ń rù fún bí oṣù méjì, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ tóbi bí ẹni pé ó lóyún. A rò pé aràn ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la inú rẹ̀, àpò ọ̀rá ni ó fà jáde, àwọn sàṣẹ́ dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa. Wọ́n ti lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n sì ti le. Gbogbo rẹ̀ tó ìkúùkù méjì. Koríko tí ẹran náà jẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ọ̀nà kọjá. Ìyá mi wò ó títí, ó wá béèrè pé: « Níbo ni ó ti rí èyí jẹ? »

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ó ti rí i jẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni, lórí ààtàn ilé wa.

Ààtàn yìí ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìyá ìyá mi ni ó ń ṣàkóso rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà « ṣàkóso ». Eérú ààrò, èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, ṣùkù àgbàdo, ewé tí a tú kúrò lára ẹ̀kọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìẹ tí a gbá ní òwúrọ̀: ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Kò sí ẹni tí ó gbin tòmátì àti elégédé tí ó ń hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ń ká wọn jẹ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ìyá àgbà a mú ọkọ́, a gbẹ́ ìdí ààtàn náà níbi tí ohun àtijọ́ ti di ilẹ̀ dúdú tí ó kúnná, a bù ú sínú agbọ̀n, a sì ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rù ú lọ sí ìdí ata àti gbọ̀mọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ṣí ààtàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì gbin àgbàdo sí ojú ààtàn àtijọ́. Láti ìgbà náà, n kò tí ì rí àgbàdo tí ó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ajílẹ̀ ni èdè wa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí a fi ń bọ́ oko. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń sọ fún mi pé ilẹ̀ ń sùn, pé ó ń retí ohun tí yóò jí i. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé olórí ẹbí ni ààtàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni a ń da ọ̀rọ̀ gbogbo sí, kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Òwe náà kì í ṣe èébú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé ààtàn kì í gba nǹkan lásán. Bí ó ti ń gbà á ni ó ń sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ayé ẹni náà, gbogbo ohun tí ènìyàn lè dà sí orí ààtàn ni ó lè jẹrà.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, tí a ń pè ní SVT, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti ya àwòrán bí ewé ṣe ń jẹrà tí ó sì ń padà di oúnjẹ igi sí ara pátákó ní àìmọye ìgbà, pẹ̀lú ọfà tí ó yí po. Ní èdè Faransé ni mo kọ́ ọ, ní èdè Faransé ni mo fi ń kọ́ni. Nínú ìwé tí èmi fúnra mi kà, abẹ́ igi hêtre ni ewé ti ń jẹrà, igi tí n kò fojú rí rí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò sọ fún ọmọ kan rí pé ohun tí ó ń yà sínú ìwé rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ̀ fún mi láti sọ ọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, mo padà sí Àjàṣẹ́, mo sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé a óò ṣe ajílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní kí olúkúlùkù gbé pàǹtí ilé rẹ̀ wá. Wọ́n gbé e wá tayọ̀tayọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òkìtì náà ga dé àyà mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn bẹ̀rẹ̀, eṣinṣin dé, àwọn ará àdúgbò dé lẹ́yìn eṣinṣin. Nígbà tí a tú òkìtì náà, omi dúdú ni ó ń sun ní ìsàlẹ̀; èèpo èso ti rà sínú sàṣẹ́ tí wọ́n so lẹ́nu; a bá òkúta tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, àti àfọ́kù ìgò tí ó ya ọmọdékùnrin kan ní ìka. Mo fi ọwọ́ ara mi di ìka náà, mo sì ní kí a bo òkìtì náà mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò bá mi wí. Ìbá sàn kí ó bá mi wí.

Kì í ṣe pé n kò ní ibi tí mo ti lè kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ní Ouando, níbi tí kò jìnnà sí wa, ni ibùdó Songhaï wà. Ní ọdún 1985 ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Dominic tí a bí ní Nàìjíríà, dá a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan tí ìjọba fún un, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo ti máa ń lọ ra omi èso níbẹ̀, bí gbogbo ará ìlú. Lọ́tẹ̀ yìí mo kó àwọn ọmọ lọ, a sì lọ bí akẹ́kọ̀ọ́, èmi náà pẹ̀lú wọn.

Ohun tí ó wà lọ́kàn mi jù nínú ìrìn-àjò náà ni ìdin. Níbẹ̀, wọ́n máa ń tẹ́ ìfun ẹran àti ìyókù oúnjẹ sílẹ̀ fún eṣinṣin kí ó yé sí i. Nígbà tí ẹyin bá di ìdin, wọ́n a gbọ̀n ọ́n jọ fún ẹja àti adìẹ jẹ. Àwọn ọmọbìnrin kan di imú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kúrò níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran ń lọ sínú kòtò tí a fi sìmẹ́ńtì kọ́ tí a sì dé pa; gáàsì tí ó ń jáde níbẹ̀ ni a fi ń dáná, omi tí ó ṣẹ́kù sì ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Koríko orí omi tí a ń pè ní jacinthe d'eau, àlejò láti Amẹ́ríkà Gúúsù tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn apẹja wa lórí ọ̀sà, wọ́n rí ìlò fún òun náà: ó ń di gáàsì, ó ń di ajílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo sì ń ronú pé ohun tí à ń pè ní pàǹtí, bóyá ohun tí a kò tí ì wá ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni.

Síbẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí mo ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà ni ó sọ àṣìṣe mi fún mi. Mo ròyìn òkìtì wa fún un, ó rẹ́rìn-ín.

« Ìyá olùkọ́, ohun tútù nìkan ni ẹ kó jọ. Ohun tútù nìkan a máa rà ni, kì í jinná. Ẹ kó gbígbẹ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa yí i padà kí ó lè mí. »

Ìwé mi sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó ní kí káábọ́ọ̀nù tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìnì, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí omi má pọ̀ jù. Mo ti fi ìbéèrè yẹn dán àwọn ọmọ wò rí, mo sì gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

A tún bẹ̀rẹ̀. Agbọ̀n mẹ́ta ni a gbé sí ẹnu ọ̀nà: ọ̀kan fún ohun tí ó ń jẹrà, ọ̀kan fún ohun tí ẹnìkan lè rà, ọ̀kan fún ìyókù. A to ewé gbígbẹ àti èèpo tútù léra wọn, a ń yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ kan ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó sì fà á yọ kíá: ó ń jóni. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lè gbóná dé ìwọ̀n 60, ooru tí ó ń pa irúgbìn èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ni ó ń rùn. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, agbọ̀n ìyá àgbà sì padà sí orí mi.

Ṣùgbọ́n agbọ̀n kejì, ti ohun tí ẹnìkan lè rà, èmi kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan ni, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ ń ra òfìfo ìgò ní ọjà Ouando, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń tà wọ́n fún àwọn tí ń ta òróró ẹ̀pà, ẹ̀pà yíyan àti sọ́dábì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń pè é ní ọmọ onígò, ó sì ti ń fi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ pamọ́. Ní ọjọ́ yẹn ó jókòó sídìí agbọ̀n, ó ń mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí, àwọn tí ń yọ́ irin funfun yóò rà á, yóò di ìkòkò. Èyí, ọjà ni yóò padà sí. Táyà yìí, oníbàtà. Nígbà tí ó kan sàṣẹ́ dúdú, ó gbé e sókè, ó ní: « Màdáàmù, èyí kò ní oníbàárà. »

N kò gbọ́ àlàyé tí ó dára ju èyí lọ ní ìpàdé kankan, mo sì ti jókòó ní ìpàdé púpọ̀ lórí économie circulaire, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ọkọ̀ kan pẹ̀lú pátákó àkọlé ni ó bá dé sí àárín wa. Àwọn ìyá onígò ti ń ṣe é kí pátákó tó dé. N kò ní kí a máa pọ́n iṣẹ́ wọn lé lásán: àwọn tí ń yọ́ irin ń fa èéfín símú, àwọn tí ń ṣa nǹkan ń fi ọwọ́ lásán ṣa á. Bí owó bá wà fún ètò bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti sàṣẹ́, òfin 2017-39 tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti fi òfin de èyí tí kì í jẹrà ní ilẹ̀ Benin, láti ṣíṣe rẹ̀ dé lílò rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti ọjà.

Mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ńkọ́? Nígbà tí mo tún lọ sí Kétu, mo gbé àpò kékeré ajílẹ̀ wa lọ fún ìyá mi, pẹ̀lú búrẹ́dì, wàrà, ṣúgà, ọsàn àti ẹja gbígbẹ. Ó bu ajílẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní: « Ti ìyá mi ni. » Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù yòókù. Bí ó ti ń tú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń na sàṣẹ́ rẹ̀ lórí itan, ó ń ká a, títí wọ́n fi pé méje. Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ padà, ó kó wọn sínú báàgì mi.

« Gbé wọn dání. Ewúrẹ́ méjì ni ó kù fún mi. »

Mo gbé wọn kọjá Pobè, mo gbé wọn kọjá Sakété, mo gbé wọn dé Àjàṣẹ́. Wọ́n ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn méjèèje.