Súgà Ológbò Mi

Mo gún etí ológbò mi tó ní àtọ̀gbẹ láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń wọn súgà gbé 380 jáde. Díẹ̀ ló kù kí n fi kún ínsúlíìnì rẹ̀. Mo bá rántí pé ajá aládùúgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e gun orí ògiri ni! Bí ẹ̀rù bá ba ológbò, súgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè, kódà bí oògùn ò kéré. Ìdí nìyẹn tí dókítà ẹranko fi ní kí n má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣèdájọ́: kí n máa yẹ súgà rẹ̀ wò ní wákàtí méjìméjì láti ìgbà abẹ́rẹ́ àárọ̀ títí di ti alẹ́, ibi tó bá ti lọ sílẹ̀ jù lọ ni ká wò. Bí a bá sì yí oògùn padà, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan ká tó tún fọwọ́ kàn án.

Iná tún wà níbẹ̀ o. L'Òṣogbo níbí, bí wọ́n bá mú iná lọ, inú ìkòkò amọ̀ tí mo fi aṣọ tútù wé ni ìgò ínsúlíìnì ń sùn. Bí ooru bá bà á jẹ́, a ó máa rò pé oògùn ló kéré. Ẹ̀gbọ́n mi n'Iléṣà, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, ní ológbò mi ń gbayì ju òun lọ.

Mo tún gún etí ológbò mi lọ́sàn-án. 210.